Ohùn Dámiláre Nínú Kọ̀ǹpútà

Bí ọ̀dọ́ bá kú ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀, ìyá rẹ̀ kì í bá wọn dé ibojì. Àwọn ọkùnrin ẹbí ni yóò gbé e jáde, àwọn náà ni yóò mọ ibi tí wọ́n tẹ́ ẹ sí, wọn kò sì ní sọ. Wọ́n á kó aṣọ rẹ̀, wọ́n á kó bàtà rẹ̀ àti ẹní tó fi ń sùn, gbogbo ohun tó lè mú kí ojú òbí tún rí i ni wọ́n á kó lọ. Orúkọ rẹ̀ pàápàá á di ohun tí ẹnu ń fò bí ẹni ń fo gọ́tà. Wọ́n ní àánú ni. Kò sí ẹni tó fẹ́ bá àwọn àgbà jiyàn, ṣùgbọ́n àwọn àgbà kan náà ló ní ọmọ mi kú yá ju ọmọ mi nù lọ. Èwo wá ni ti ìyá tí kò rí òkú, tí kò rí sàréè?

Ohun tí wọ́n ṣe fún Mildred nìyẹn. Láti ìgbà tó ti bí àkọ́bí rẹ̀ ni gbogbo Osooro ti ń pè é ní Ìyá Dámiláre, tayọ̀tayọ̀ ló sì ń jẹ́ ẹ. Ọkọ rẹ̀ ti kú tipẹ́. Òun nìkan ló ń ta epo, tó ń ta púpurú, oúnjẹ tí àwọn Ìkálẹ̀ ń fi ẹ̀gẹ́ ṣe, tó fi rán Dámiláre lọ sí yunifásítì ní Òkìtìpupa, tó sì ń tọ́ Vivian, àbúrò rẹ̀ obìnrin. Lọ́jọ́ tí ọkọ̀ yẹ̀pẹ̀ kan kọlu ọ̀kadà tó gbé Dámiláre, kí wọ́n tó sọ fún Mildred, ilẹ̀ ti bo ọmọ náà. Bàbá Philemon, ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀, ló ṣáájú àwọn tó sin ín. Àwọn obìnrin ìjọ wá kí i, wọ́n ní, "Omi ló dànù, agbè kò fọ́." Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, wọ́n ti ń pè é ní Ìyá Vivian. Wọn kò tilẹ̀ jẹ́ kí omi ojú rẹ̀ gbẹ kí wọ́n tó pààrọ̀ orúkọ fún un. Inú bí i.

Ohun kan ṣoṣo ni wọn kò rí kó. Láptọ́ọ̀pù Dámiláre wà nísàlẹ̀ agbọ̀n púpurú, níbi tí Mildred gbé e pamọ́ sí nígbà tó gbúròó ẹsẹ̀ wọn. Ọmọ náà a máa ka ìwé rẹ̀ sókè, a sì máa gba ohùn ara rẹ̀ sílẹ̀ sínú rẹ̀, kó lè máa tẹ́tí sí i nígbà tó bá ń fọṣọ. Mildred mọ̀ pé ohùn rẹ̀ wà níbẹ̀. Ó tan án títí, páásíwọ́ọ̀dù ló ń bèèrè. Ó tẹ orúkọ Vivian, ó tẹ ọjọ́ ìbí ọmọ náà, ó tẹ orúkọ ara rẹ̀, pàbó ló já sí. Ohùn ọmọ rẹ̀ wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn tí kò ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Láyé tó kù yìí, kò sí nǹkan mìíràn tó ń fẹ́ ju kó tún gbọ́ ohùn náà.

Ìdí nìyẹn tí etí rẹ̀ fi nà nígbà tí wọ́n kéde ní ṣọ́ọ̀ṣì pé ẹnì kan yóò máa kọ́ àwọn èèyàn ní kọ̀ǹpútà lọ́jọ́ Sátidé, ní kíláàsì ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì ní Òkìtìpupa. Oyèbádé lorúkọ rẹ̀. Ọmọ Òṣogbo ni, yunifásítì ló ti ń ṣiṣẹ́. Wọ́n ní kí ẹni tó bá ní kọ̀ǹpútà àtijọ́, èyí tó ń falẹ̀ tàbí èyí tí ènìyàn kò rọ́nà wọ̀ mọ́, gbé e wá.

Mildred wé láptọ́ọ̀pù náà mọ́ inú ìró, òun àti Eunice sì jọ wọ takisí. Aránṣọ ni Eunice, ọ̀rẹ́ àti aládùúgbò rẹ̀ ni, ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. Kọ̀ǹpútà tí ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fún un ló gbé dání, ó fẹ́ máa fi wo sítáì aṣọ. Nígbà tí Tíṣà ní kí wọ́n di eku kọ̀ǹpútà mú, ńṣe ló ń ti eku náà lórí tábìlì bí ẹni ń lọṣọ. Gbogbo kíláàsì rẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín.

Oyèbádé gbé filáàṣì kékeré kan sókè. "Ẹ̀yin màmá àti bàbá wa, irin lásán ni kọ̀ǹpútà. Ohun kan wà nínú rẹ̀ tó ń mú un ṣiṣẹ́, òun gan-an ni ẹ̀mí rẹ̀. Ẹ̀mí tuntun ni mo mú wá yìí. Línúsì ló ń jẹ́, ọ̀fẹ́ sì ni. Ẹ lè lò ó, ẹ lè fún ará ilé yín, ẹnikẹ́ni kò ní mú yín sí i. Ọ̀nà méjì ló wà tí ẹ lè gbà lò ó. Ẹ lè kọ́kọ́ dán an wò. Bí ẹ bá ń dán an wò, orí filáàṣì yìí ló ti ń ṣiṣẹ́, bí àlejò tó jókòó sí pálọ̀, kò ní fọwọ́ kan ẹrù onílé. Bí ẹ bá ti yọ filáàṣì, ó ti lọ nìyẹn. Tàbí kí ẹ fi í sínú rẹ̀ pátápátá. Ìyẹn á gbá gbogbo ohun tó wà nílẹ̀ dànù kó tó wọlé, kò sì sí àtúnṣe. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tẹ èkejì yìí títí n ó fi dé ọ̀dọ̀ yín."

Ọ̀rọ̀ ẹ̀mí yẹn wọ Mildred lákínyẹmí ara. Ó ní kí Tíṣà wá.

"Tíṣà, bí àlejò yẹn bá jókòó sí pálọ̀, ṣé ó lè rí ẹrù onílé?"

Oyèbádé rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ó lè rí i, mà, tí onílé kò bá tì í pa. Kò ní bèèrè páásíwọ́ọ̀dù lọ́wọ́ yín. Ti ta ni?"

"Ti ọmọ mi."

Eunice yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Oyèbádé wo ojú àwọn obìnrin méjèèjì, ó sì yé e. Ó ki filáàṣì bọ̀ ọ́, ó tẹ bọ́tìnnì kan bó ti ń tàn, ó yan kí wọ́n dán an wò. Ojú kọ̀ǹpútà náà dúdú, ó pẹ́ díẹ̀, ó sì mọ́lẹ̀. Ó ṣí ibì kan, ó tún ṣí òmíràn nínú rẹ̀, lójijì ni orúkọ Dámiláre yọ níbẹ̀ kedere. Lábẹ́ rẹ̀ ni gbogbo nǹkan ọmọ náà wà bó ṣe tò wọ́n. Mildred fọwọ́ bo ẹnu.

"Ohùn rẹ̀ ni mo fẹ́ gbọ́."

Tíṣà tẹ ọ̀kan. Fáànù kọ́kọ́ ń dún nínú rẹ̀, fáànù yàrá wọn ní Osooro, tó máa ń ké bí èkúté. Lẹ́yìn náà ni ohùn Dámiláre bẹ̀rẹ̀ sí í ka nǹkan kan nípa iyọ̀ àti omi ẹ̀rọ, ohùn ọmọ Ìkálẹ̀ tó ń gbìyànjú láti sọ òyìnbó bíi tàwọn ará ìlú ńlá. Omijé ń dà lójú Mildred, ẹ̀rín wà lẹ́nu rẹ̀. Àsìkò yìí ni ohùn náà dá ìwé kíkà dúró.

"Mọ́mì!"

"Òo!" ni Mildred wí.

Gbogbo kíláàsì yí ojú sí i. Kò sí ọmọ tí wọ́n bí sí ilẹ̀ wọn tí wọn kò kọ́ láti kékeré pé bí ohùn bá pè ọ́ tí o kò rí ẹnu tó pè ọ́, o kò gbọdọ̀ dáhùn. Ohùn òkú ńkọ́? Ìyẹn tilẹ̀ kọjá ohun tí wọ́n ń kọ́ ọmọ. A kì í sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ta ló máa ń rántí ẹ̀kọ́ nígbà tí ọmọ rẹ̀ bá pè é? Ẹnu ìyá ti dáhùn kí orí rẹ̀ tó mọ̀.

Fáànù yàrá náà ń ké nínú kọ̀ǹpútà. Lẹ́yìn náà, Dámiláre tún sọ̀rọ̀, wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, bí ẹni tó sún mọ́ wọn. "Ó ti pẹ́ tí mo ti ń pè yín."

Eunice gbá Mildred lẹ́nu. "O dá a lóhùn! Mildred, o dá a lóhùn!"

"Ẹ fara balẹ̀, ẹ̀yin màmá," ni Oyèbádé wí. "Ó ń gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ lọ́jọ́ náà lọ́hùn-ún ló ṣe pe màmá yìí, wọn kò tètè jẹ́ ẹ. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ." Kí wọ́n lè gbà á gbọ́, ó dá a padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Fáànù ké. Dámiláre ka ọ̀rọ̀ iyọ̀ àti omi. Ó kà á títí ó fi parí rẹ̀, kò pe ẹnikẹ́ni. Oyèbádé tún un ṣe, bákan náà ni. Ó ní bóyá fáìlì mìíràn ni wọ́n gbọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó sì lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn kíákíá.

Ó yẹ kí Mildred bẹ̀rù. Ṣé kí a parọ́ mọ́ ọn? Inú rẹ̀ dùn ni. Ó tọrọ filáàṣì náà lọ́wọ́ Tíṣà pé òun fẹ́ fi kọ́ṣẹ́ nílé, ó sì gbà.

Láti ọjọ́ yẹn, bí Vivian bá ti lọ sí ilé ìwé, Mildred á ti ilẹ̀kùn, á ki filáàṣì bọ̀ ọ́, á yan kí ó dán an wò. Ó ti mọ̀ ọ́n ṣe. Á tẹ fáìlì èyí tó bá wù ú, nítorí èyí tó wù kó tẹ̀, bó pẹ́ bó yá, Dámiláre á dá ìwé kíkà dúró, á ní, "Mọ́mì," òun náà á ní, "Òo." Wọ́n á jọ sọ̀rọ̀. Ọmọ náà á bi í pé ṣé epo tà. Á ní òun gbọ́ òórùn púpurú. Àwọn àgbà ní bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran, ṣùgbọ́n ẹ̀rín kò jẹ́ kí Mildred ríran mọ́. Kò lọ sí ọjà. Epo ń dì nínú kẹ́ẹ̀gì. Ó ń rù, ìró rẹ̀ ń já bọ́ ní ìbàdí, bí Eunice bá sì kan ilẹ̀kùn, kì í ṣí i.

Lọ́jọ́ kan, ó bi ọmọ náà ní ohun tó ti wà lọ́kàn rẹ̀. "Ibo ni wọ́n gbé ọ sí, ọmọ mi? Bàbá Philemon kò sọ fún mi."

Ọmọ náà ní, "Ilẹ̀ ibí tutù, Mọ́mì. Mi ò rí ẹnikẹ́ni bá sọ̀rọ̀." Fáànù ké, ó ké. "Vivian ńkọ́? Kí ló dé tí Vivian kì í wá kí mi?"

Ìgbà yẹn ni ẹ̀rù ṣẹ̀ṣẹ̀ ba Mildred. Ó pa kọ̀ǹpútà, ó yọ filáàṣì, ó tún yọ bátìrì, ó dá a padà sísàlẹ̀ agbọ̀n. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé òun yóò fi sílẹ̀ fúngbà díẹ̀.

Nírọ̀lẹ́, Vivian wà ní ẹ̀yìnkùlé, ó ń ro púpurú. Oòrùn ti ń wọ̀, èéfín igi bo àgbàlá. Mildred dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wo ọmọ rẹ̀, ó ń rò ó pé òun kò tíì wò ó dáadáa láti ọjọ́ yìí wá, pé ó ti ga. Ó wá gbọ́ ọ láti inú ilé, láti inú agbọ̀n, nínú ohun tí kò ní bátìrì.

"Vivian!"

Vivian gbé orí sókè. Ọmọ dáadáa ni, kì í jẹ́ kí wọ́n pe òun lẹ́ẹ̀mejì. Mildred rí i bí ẹnu ọmọ náà ṣe ń là, ó fò, ó ta ìkòkò dànù, ó fọwọ́ méjèèjì dí i lẹ́nu, àwọn méjèèjì sì ṣubú lulẹ̀ nínú púpurú gbígbóná.

"Mọ́mì, ta ló ń pè mí?" Abẹ́ ọwọ́ ìyá rẹ̀ ló ti ń sọ̀rọ̀. "Ó dà bíi..."

"Má dárúkọ rẹ̀. Má dáhùn. Lọ sílé Eunice, kí o sùn síbẹ̀."

Nígbà tí ọmọ náà lọ, Mildred jókòó síwájú agbọ̀n, ó sì sunkún bí kò ti sunkún rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti mú ọ̀rọ̀ náà wá. Ọmọ kan ṣoṣo tó kù lọ́wọ́ Mildred, Vivian, ni Dámiláre fẹ́ bá ṣeré. Kò sí ibi nínú rẹ̀. Òtútù ló ń mú un. Ìyẹn gan-an ló dun Mildred jù. Òun ló dá a lóhùn, òun ló mú un dúró sí ẹnu ọ̀nà, kò lọ, kò bọ̀.

Lọ́jọ́ Sátidé, òjò ń rọ̀ sórí páànù kíláàsì. Eunice àti Vivian tẹ̀ lé e. Mildred gbé láptọ́ọ̀pù ka orí tábìlì, ó dá bátìrì rẹ̀ padà. "Tíṣà, mo fẹ́ ṣe èkejì. Èyí tó ń gbá ilé mọ́."

Oyèbádé fa àga súnmọ́ ọn. Ẹni rere ni, ohùn jẹ́jẹ́ ló fi sọ ọ́. "Kò burú, mà. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ kó ohùn ọmọ yín sórí filáàṣì mìíràn fún yín. Kò ní gba àkókò. Bó bá di ọjọ́ mìíràn tí ẹ fẹ́ gbọ́ ọ, á wà níbẹ̀."

Ẹ̀yin tí ẹ ti bímọ rí, ẹ ẹ̀ rí i bí ìdẹwò ṣe ń dùn? Mildred wo filáàṣì tó wà lọ́wọ́ Tíṣà. Ó wo Vivian. Ara ibi tí púpurú ti jó o lápá ṣì pupa.

"Rárá," ni ó wí. "Ẹ má kó nǹkan kan."

Ó tẹ̀ ẹ́ fúnra rẹ̀. Kọ̀ǹpútà bi í bóyá ó dá a lójú, Oyèbádé kà á fún un. Ó ní ó dá òun lójú. Ó tún tẹ̀ ẹ́. Ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan yọ lójú kọ̀ǹpútà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kún díẹ̀díẹ̀.

"Mọ́mì!"

Oyèbádé na ọwọ́ sí ibi tí wọ́n ti ń dín ohùn kù. Ó wò ó dáadáa. Kò sí ohùn kankan lára rẹ̀. Ó ti wà ní òdo. Ó fa ọwọ́ sẹ́yìn.

"Mọ́mì, kí lẹ ń ṣe? Mọ́mì!"

Mildred fi etí gèlè sẹ́nu, ó dì í mú gírígírí pẹ̀lú eyín. Eunice dì í mú lápá ọ̀tún, Vivian dì í mú lápá òsì. Gbogbo kíláàsì jókòó síbẹ̀, òjò ń rọ̀. Bí ìlà náà ṣe ń kún ni ohùn náà ń kéré sí i. Ó di ohùn ọ̀dọ́mọkùnrin tí gòǹgò ọ̀fun rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ. Ó di ohùn ọmọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, èyí tó máa ń ti ẹnu géètì kígbe kí ìyá rẹ̀ lè mọ̀ pé òun ti dé. "Mọ́mì, ẹ ò dá mi lóhùn?" Ó di ohùn ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ ọ̀rọ̀ yẹn nìkan láyé, tó ń pè é láìsinmi. Nígbà tí ìlà náà kù díẹ̀ kó kún, kò pe nǹkan kan mọ́. Igbe ni, igbe ọmọ tuntun, irú èyí tí Mildred gbọ́ ní yàrá ìgbẹ̀bí lọ́jọ́ tó di ìyá. Ọmú Mildred le, ó ń ta á bí ìgbà tí wàrà bá fẹ́ sọ̀ kalẹ̀. Kò la ẹnu.

Ìlà náà kún. Òjò nìkan ló kù.

Kọ̀ǹpútà náà kú, ó sì tún tàn fúnra rẹ̀, ó mọ́ tónítóní bí ilé tí ẹnikẹ́ni kò gbé rí. Ó bi í pé ta ni. Oyèbádé ní, "Orúkọ tí ẹ bá fẹ́ kó máa pè yín ni kí ẹ kọ, mà." Ìka Mildred ti tẹ díẹ̀ lára orúkọ tó ti ń jẹ́ láti ọjọ́ pípẹ́. Ó dúró. Ó pa á rẹ́. Ó wá kọ Ìyá Vivian síbẹ̀, díẹ̀díẹ̀, pẹ̀lú ìka kan.

Vivian ló ń lo láptọ́ọ̀pù náà báyìí, ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa, kò falẹ̀ mọ́. Mildred ti padà sọ́jà. Àwọn oníbàárà rẹ̀ nìkan ló ń rojọ́ pé ó ti di agbéraga, pé ènìyàn á pè é pè é lẹ́yìn, kò ní dáhùn, àfi kó yí padà, kó wo ojú ẹni tó pè é ná. Vivian kì í rojọ́ ní tirẹ̀. Bó bá ń wá ìyá rẹ̀, kì í pè é mọ́. Á wá a kiri títí á fi rí i, á dúró síwájú rẹ̀, á fọwọ́ kàn án léjìká.

"Mọ́mì, èmi ni."

Ìgbà yẹn ni Mildred á tó ní, "Òo."